Ti Ọrùn Rẹ̀ Ni À Ń Wò: Bí Kọ́là Ṣẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Dúró Láìsí Táì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Òwe yìí kò ní kí a wo ẹsẹ̀ onítọ̀hún, kò sì ní kí a wo ọwọ́ rẹ̀. Ọrùn ni ó dárúkọ. Nínú èdè wa, ọrùn ni à ń bọ ẹ̀wù sí. Aṣọ ọrùn ni a sì ń pe aṣọ tí ènìyàn wọ̀ sára, ìbáà ṣe agbádá tí ó balẹ̀ dé kókósẹ̀. Bí ọrùn aṣọ bá ti bàjẹ́, ìyókù aṣọ náà kì í rí ẹni yìn ín mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ lónìí, pàápàá jù lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní kọ́là. Ẹ óò ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ó máa ń so táì lọ sí ibi iṣẹ́ ni kò so ó mọ́. Ooru ilẹ̀ wa kò bá táì rẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì, ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ti tó, n kò sì rí ohun tí ó burú nínú èyí. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé bí a ti bọ́ táì, kọ́là tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò rí alátìlẹ́yìn mọ́. Ẹ wo kọ́là ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bí ó bá di ọ̀sán. Apá kan yóò ti ká wọ inú, apá kejì yóò ti wó lulẹ̀ bí ewé ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè jẹ́ ọ̀mọ̀wé, ó sì lè ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó jáde nílé. Ojú tí ń wò ó kò mọ èyí. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Àwọn kan rò pé ìyà tí ó tọ́ sí ẹni tí ó kọ táì sílẹ̀ ni èyí. Èrò tèmi yàtọ̀. Kọ́là lè dúró ṣánṣán lọ́rùn ẹni tí kò so táì. Àwọn baba wa mọ ọ̀nà tí a fi ń mú aṣọ dúró kí táì tó dé ilẹ̀ yìí rárá, ìmọ̀ náà ni a sì fẹ́ máa gbàgbé.

Ibi tí kọ́là ti wá

Ẹ̀wù àbáláyé Yorùbá kò ní kọ́là. Bùbá, dàńṣíkí, gbárìyẹ̀, dàńdóógó àti agbádá, ọrùn gbogbo wọn ṣí sílẹ̀ ni. Bí a bá fẹ́ ṣe ọrùn wọn lọ́ṣọ̀ọ́, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni à ń ṣe sí i. Iṣẹ́ ọnà yìí ní ìwúlò mìíràn yàtọ̀ sí ẹwà. Òwú tí ó pọ̀ níbẹ̀ a máa mú ọrùn ẹ̀wù le, kí ó má baà tètè ya tàbí kí ó fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Kọ́là bá àwọn òyìnbó dé. Láàrin àwọn náà pàápàá, ìdààmú ni ó jẹ́ fún àwọn tí ń fọṣọ. Ní ìlú Troy, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ní ọdún 1827, obìnrin kan tí ń jẹ́ Hannah Lord Montague rí i pé kọ́là nìkan ni ó ń dọ̀tí lára ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ òun, tí ìyókù sì mọ́. Ó gé kọ́là náà kúrò, ó fọ̀ ọ́, ó sì rán an padà. Láti ìgbà náà ni kọ́là tí a lè yọ kúrò lára ẹ̀wù ti di òwò ńlá ní Troy, títí tí wọ́n fi ń pe ìlú náà ní Ìlú Kọ́là. Kọ́là ìgbà náà le bí páálí. Bọ́tìnnì kékeré ni wọ́n fi ń mú un mọ́ ẹ̀wù, sítáàṣì ni ó sì ń mú un dúró. Bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá so táì lé e, ọ̀ṣọ́ ni ó fi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn tí ń fi sítáàṣì náà sí i. Àwọn obìnrin alágbàfọ̀ ìlú Troy a máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 sí 14 lójúmọ́, láàrin ooru omi gbígbóná àti irin ìlọṣọ. Ní oṣù Kejì ọdún 1864, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Ireland, Kate Mullany, kó nǹkan bí 300 nínú wọn jọ sínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n sì da iṣẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá wọn fi fi kún owó tí wọ́n ń san fún wọn. Ní ọdún 1864 yìí kan náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, ni wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Bí a bá wo àwòrán bàbá náà, a óò rí bí aṣọ ọrùn rẹ̀ ti funfun tó. Ẹnìkan ni ó fọ̀ ọ́, ẹnìkan ni ó sì lọ̀ ọ́, bí ìtàn kò tilẹ̀ dárúkọ wọn fún wa.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní (1914–1918), kọ́là tí a ń yọ bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́, nítorí pé ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun lára láti máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí a rán kọ́là rírọ̀ mọ́. Kọ́là rírọ̀ yìí ni a jogún. Òun ni kò lè dá dúró, òun náà ni táì wá di alátìlẹ́yìn fún. Síbẹ̀, kọ́là méjì kan ṣì wà láàrin wa tí kò gbára lé táì: ti àwọn àlùfáà ìjọ Kristi, àti ti àwọn lọ́yà tí ó bá wà níwájú adájọ́. Méjèèjì ń dúró gbọin. Ohun líle tí a fi sí inú wọn, tàbí sítáàṣì tí a fi sí wọn lára, ni ó gbé wọn ró.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀lẹ ni ń kọ táì sílẹ̀. Mojọlá Agbẹ̀bí, ẹni tí a bí ní ọdún 1860, tí orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ń jẹ́ David Brown Vincent, pa orúkọ òyìnbó náà tì ní ọdún 1894. Ó pa aṣọ òyìnbó tì pẹ̀lú, aṣọ Yorùbá ni ó sì ń wọ̀ nílé àti lẹ́yìn odi títí tí ó fi kú ní ọdún 1917. Táí Ṣólàrín, tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, ṣòkòtò péńpé, ṣẹ́ẹ̀tì kakí àti fìlà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn. Ta ni yóò sọ pé àwọn méjèèjì kò mọ iyì ara wọn?

Ohun tí àwọn baba wa mọ̀

Kí ahunṣọ tó ta òwú sórí òfì, a máa fi omi ẹ̀kọ sí i kí ó lè le, kí ó má sì tètè já. Aláró tí ó bá ti rẹ aṣọ nínú aró tán, tí aṣọ náà sì gbẹ, a máa gbé e fún àwọn tí ń lu aṣọ. Wọn yóò tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, wọn yóò sì máa fi òòlù igi lù ú títí tí yóò fi dán, tí yóò sì dúró. Ní Abẹ́òkúta, aládìrẹ ẹlẹ́kọ a máa se láfún pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù, a sì máa fi ìyẹ́ adìyẹ ya àrà sí aṣọ. Òótọ́ ni pé nítorí kí aró má baà wọ ibẹ̀ ni ó ṣe ń fi ẹ̀kọ kun aṣọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fọwọ́ kan aṣọ náà kí ó tó di pé a rẹ ẹ́ sínú aró yóò mọ bí ẹ̀kọ ti ń mú òwú le tó.

Ẹ wo gínì tí a ń wọ̀ lọ sí òde ayẹyẹ lónìí. Gínì tuntun a máa dún bí ìwé bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá ká apá agbádá rẹ̀ sí èjìká. Ẹni tí ó mọ iyì rẹ̀ kì í fọ̀ ọ́ láìfi sítáàṣì sí i. Nítorí náà, aṣọ tí ó dúró kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àlejò ni kọ́là, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí yóò fi lágbára wà nínú ilé wa.

“Kọ́lá ti sùn”

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Olùkọ́ ni bàbá mi. Ní ìgbà kan tí wọn kò san owó oṣù fún wọn fún oṣù bí mélòó kan, ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì ni ó ń wọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Táì rẹ̀ kan ṣoṣo ti gbó, kò sì sí owó tí yóò fi ra òmíràn. Síbẹ̀ n kò rí ọjọ́ kan tí kọ́là rẹ̀ tẹ̀. N kò sì béèrè bí ó ti ń ṣe é, nítorí ọmọdé a máa rò pé bí òun ti bá nǹkan ni ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ìgbà tí èmi náà di olùkọ́ ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Mo wá ṣàkíyèsí pé bí mo bá ti wọ kíláàsì kan lọ́sàn-án, ọmọ kan lẹ́yìn yóò béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Ṣé Kọ́lá ti jí?” Ẹnìkejì yóò dáhùn pé, “Rárá o, Kọ́lá ti sùn.” Gbogbo wọn yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Mo yẹ ìwé orúkọ wò, kò sí Kọ́láwọlé tàbí Kọ́lápọ̀ kankan nínú kíláàsì náà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìyá kan tí ó jẹ́ olùkọ́ àgbà tó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Ẹ má bínú o, tíṣà. Kọ́là ẹ̀wù yín ni àwọn ọmọ yẹn ń sọ.” Mo fọwọ́ kan ọrùn mi. Kọ́là ti ká wọ inú lápá ọ̀tún, ó sì ti dojú bolẹ̀ lápá òsì. Ohùn ẹnu kan ṣoṣo ni ó ya Kọ́lá sọ́tọ̀ lára kọ́là, èmi tí mo kàwé nípa ohùn èdè Yorùbá ni kò sì gbọ́ ọ. Ara mi bù máṣọ.

Mo lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, mo ro ẹjọ́ fún bàbá mi. Mo rò pé yóò ní kí n lọ ra táì. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Kọ́là kì í sùn láìnídìí. Kí o tó bá a wí, bi ara rẹ léèrè ohun tí o fún un jẹ.” Wọ́n ní kí n bọ́ ẹ̀wù náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí n óò sọ yìí. Díẹ̀ tí ó kù ni mo kọ́ lọ́wọ́ àwọn télọ̀ àti alágbàfọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà.

Ohun tí ó wà nínú kọ́là

Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni ọ̀já tí ó yí ọrùn ká, tí bọ́tìnnì òkè pátápátá wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ẹsẹ̀ kọ́là. Èkejì ni ewé kọ́là, èyí tí a ṣẹ́ padà wá sílẹ̀. Láàrin aṣọ òkè àti aṣọ ìsàlẹ̀ ni télọ̀ ń fi aṣọ líle kan sí, èyí tí wọ́n ń pè ní gọ́ọ̀mù. Bí ènìyàn bá so táì, táì ni ó ń di ẹsẹ̀ kọ́là mú. Bí kò bá sí táì, ẹsẹ̀ yìí nìkan ni yóò máa ru ewé. Bí ẹsẹ̀ bá rọ̀ tàbí tí ó kúrú jù, kò sí bí ewé kò ṣe ní wó.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ṣẹ́ẹ̀tì, ìbáà ṣe tuntun tàbí ọ̀kírìkà, kí ó kọ́kọ́ fi ìka méjì tẹ ẹsẹ̀ kọ́là, kí ó sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá ta padà kíá, ó dára. Bí ó bá dúró síbi tí a tẹ̀ ẹ́ sí, kí onítọ̀hún fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń so táì. Bí ó bá jẹ́ pé télọ̀ ni yóò rán an, ẹ tètè sọ fún un pé ẹ kì í so táì. Ẹ ní kí ó fi gọ́ọ̀mù líle sí ẹsẹ̀ kọ́là bí ó ti fi sí ewé rẹ̀. Ẹ ní kí ó fi sí ibi tí àwọn bọ́tìnnì tò sí láyà pẹ̀lú, nítorí pé bí ibẹ̀ bá rọ̀, yóò fa kọ́là wálẹ̀. Ẹ ní kí bọ́tìnnì kejì má jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Bí ó bá jìnnà, àyà yóò ṣí ju bí ó ti yẹ lọ, kọ́là yóò sì fẹ́ sí ọ̀tún àti òsì.

Ṣóńṣó kọ́là náà ní ìtọ́jú tirẹ̀. Lábẹ́ ewé ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì, àpò tóóró méjì wà tí a ń ki ọ̀pá pẹlẹbẹ kékeré bọ̀. Ike ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn kan sì jẹ́ irin. Àwọn ọ̀pá wọ̀nyí ni kì í jẹ́ kí ṣóńṣó ká sókè. Ẹ máa yọ wọ́n kí ẹ tó fọ ẹ̀wù tàbí kí ẹ tó lọ̀ ọ́, nítorí pé ooru a máa lọ́ ike, ojú ọ̀pá a sì máa hàn lára aṣọ. Bí wọ́n bá sọ nù, ẹ má náwó. Bàbá mi a máa gé ike ọṣẹ tí ó ti ṣófo sí ìwọ̀n tí ó yẹ, wọn a sì fi sáàsì gé ẹnu rẹ̀ róbótó kí ó má baà gún aṣọ lu. Bí ẹ̀wù kò bá ní àpò yìí, télọ̀ lè rán an sí i láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn sì wà tí bọ́tìnnì kékeré mú ṣóńṣó kọ́là wọn mọ́ àyà. Ìyẹn náà dára fún ẹni tí kì í so táì.

Fífọ̀ àti sítáàṣì

Òógùn àti òróró ara ni ó ń sọ ọrùn kọ́là di dúdú. Ẹ fi omi tutù rin ín, ẹ fi ọṣẹ ra ojú ìdọ̀tí náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fún omi kúrò lára rẹ̀, ẹ má ṣe lọ́ kọ́là bí ẹni lọ́ okùn, nítorí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ yóò ká jọ.

Lẹ́yìn èyí ni oúnjẹ tí bàbá mi sọ kàn. A ó bó ẹ̀gẹ́ tútù, a ó fọ̀ ọ́ mọ́, a ó sì rin ín. A ó po ó mọ́ omi púpọ̀, a ó sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. A ó gbé omi náà kalẹ̀ títí tí funfun yóò fi sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ igbá. A ó da omi orí rẹ̀ nù, a ó bu omi mìíràn sí i, a ó sì tún jẹ́ kí ó sílẹ̀. Funfun tí ó kù nísàlẹ̀ ni sítáàṣì. A lè sá a kí ó gbẹ, kí a sì máa bù ú lò díẹ̀díẹ̀.

Bí a bá fẹ́ lò ó, a ó fi omi tutù díẹ̀ po ṣíbí ìjẹun kan títí tí kò fi ní kókó mọ́. A ó wá da omi híhó tí ó tó ìlàjì lítà sí i, a ó sì máa rò ó bí a ti ń dà á, títí tí funfun rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ gaara. Bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó ri kọ́là, ẹnu apá àti ibi tí bọ́tìnnì tò sí bọ inú rẹ̀. Kò sí ìdí tí a ó fi ri gbogbo ẹ̀wù bọ̀ ọ́, nítorí ooru yóò pa ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́.

Ìdí tí èyí fi ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Ooru omi a máa mú kí hóró sítáàṣì wú kí ó sì fọ́, yóò wá di ohun tí ń lẹ̀ mọ́ òwú. Bí a bá fi áyọ́ọ̀nù lé omi inú rẹ̀ lọ, ohun tí ó lẹ̀ mọ́ òwú náà yóò gan. Ó tún ní àǹfààní kejì. Ara sítáàṣì ni ìdọ̀tí yóò máa lẹ̀ mọ́, kò ní ráyè wọ inú òwú ṣinṣin. Bí a bá tún fọ ẹ̀wù, àti sítáàṣì àti ìdọ̀tí ni yóò jọ bá omi lọ. Aṣọ òwú gidi ni ó gba sítáàṣì dáadáa. Aṣọ tí a fi ọ̀rá rọ́bà ṣe kì í gbà á tó bẹ́ẹ̀.

Lílọ̀ àti wíwọ̀

Ẹ má jẹ́ kí kọ́là gbẹ tán kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ wọ́n omi sí i. Abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ ojú rẹ̀. Láti ṣóńṣó ni kí ẹ ti máa bọ̀ wá sí àárín. Ẹni tí ó bá ti àárín lọ sí ṣóńṣó yóò ti ìwúnjọ aṣọ síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ojú kọ́kọ́ ń wò. Ẹ na ẹsẹ̀ kọ́là, kí ẹ sì lọ òun náà lọ́tọ̀. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù tẹ ibi tí kọ́là ti ṣẹ́. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣẹ́ ẹ. Bí áyọ́ọ̀nù bá gbóná jù, gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ lè ṣí, ojú kọ́là yóò sì wú bí ìléròrò. Bí ó bá ti wú bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí ó tó tún dára. Áyọ́ọ̀nù eléèdú ni bàbá mi lò, wọn a sì kọ́kọ́ fi aṣọ nu ìdí rẹ̀ kí eérú má baà kan funfun.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ó yẹ kí a jẹ́ kí kọ́là tutù kí a tó wọ̀ ọ́. Bí aṣọ bá ti rí nígbà tí ó ń tutù ni yóò ṣe dúró. Nítorí náà, ẹ fi í kọ́ sórí háńgà, ẹ de bọ́tìnnì òkè rẹ̀, kí ẹ sì lọ jẹun. Bí ẹ bá ń rìnrìn-àjò, ẹ ká ìbọ̀sẹ̀ tàbí aṣọ kékeré sí inú yíká kọ́là kí ẹrù mìíràn má baà tẹ̀ ẹ́ nínú àpótí. Ní ọjọ́ tí ẹ bá wọ̀ ọ́, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣí. Síngílẹ́ẹ̀tì yóò gba òógùn ara, ańkáṣíìfù yóò sì gba ti ọrùn. Bí ẹ bá wọ kóòtù, ẹ rí i pé ṣóńṣó kọ́là méjèèjì wà lábẹ́ etí kóòtù náà.

Àṣejù wà nínú ọ̀rọ̀ yìí náà. Sítáàṣì tí ó bá ki jù yóò gan mọ́ áyọ́ọ̀nù, yóò ha ọrùn, kọ́là yóò sì ya níbi tí a ti ṣẹ́ ẹ. Lára aṣọ dúdú, yóò fi ojú funfun hàn. Aṣọ tí a bá sì fẹ́ tọ́jú sínú àpótí fún ìgbà pípẹ́, ẹ fọ sítáàṣì ara rẹ̀ kúrò, nítorí oúnjẹ aáyán ni.

Bí ẹ kò bá ráyè ṣe é fúnra yín, ẹ gbé e lọ fún alágbàfọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ná an ní ìnákúnàá. Irin gbígbóná kan náà tí ó wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Troy ni ó wà lọ́wọ́ tirẹ̀, ooru ilẹ̀ wa sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́là kan kì í dúró láìjẹ́ pé ẹnìkan ti dúró tì í fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ní ọjọ́ Ajé tí mo padà sí ilé-ẹ̀kọ́, mo wọ kíláàsì náà lọ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo kọjú sí pátákó ìkọ̀wé, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbà tí ó ṣe, mo gbọ́ ohùn kékeré kan lẹ́yìn tí ó ní, “Háà, Kọ́lá ti jí o!” Ẹ̀rín tí a rín ní ọjọ́ náà, èmi náà bá wọn rín in. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbàgbé ọrùn mi, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohun tí mo ń sọ.

Mo mọ̀ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. N kò sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó lọ jẹ gbèsè nítorí ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gẹ́ díẹ̀, omi híhó, áyọ́ọ̀nù tí ó mọ́ àti sùúrù ìrọ̀lẹ́ kan ni gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ nísinsìnyí tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà nílé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má jẹ́ kí ó bá yín lọ. Ẹ pe ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ yín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ fi bí a ti ń po sítáàṣì hàn án.

Ní ti àwa olùkọ́, ọ̀rọ̀ wa ni òwe àkọ́kọ́ yẹn bá wí jù. Lójoojúmọ́ ni à ń dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ, tí à ń ṣèlérí pé a óò dá wọn láṣọ ìmọ̀. Wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbà á, ti ọrùn wa ni wọ́n ń wò.